Tábìlì Tí A Tẹ́ fún Bàbá

Àlùbọ́sà ni mò ń gé lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gá já wọ ilé ìdáná, tó ní òun ò fẹ́ rí tábìlì òkú kankan nínú gbọ̀ngàn Ilé Àṣà. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé Màmá ti bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ilé àṣà la pe ibí, ẹnikẹ́ni ò pè é ní ojúbọ."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o."

Ojú tì í, ó kí mi padà. Òun ni ọ̀gá mi lóòótọ́, àmọ́ mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń wọ ṣòkòtò pénpé lọ sílé ìwé, tó máa ń wá tọrọ ìrẹsì jíjó ìdí ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo ti fún ní ìdí ìkòkò jẹ kò lè wọlé bá mi láàárọ̀ kó má kí mi. Ibi yòówù kó ti di ọ̀gá.

Ilé Àṣà tí mò ń wí yìí, àwọn ará Kòríà tó ń gbé Kùmásì ló ni ín. Ilé ilẹ̀ ni, kò jìnnà sí Race Course, ó ní gbọ̀ngàn kan, yàrá ìkàwé kan, àgbàlá, àti ilé ìdáná tèmi lẹ́yìn. Bàbá tó dá a sílẹ̀, fọ́tò ló gbé e dé Gáná. Asafo ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí nígbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú, kò sì sí agboolé kan ní Moshie Zongo, àdúgbò wa, tí fọ́tò ìgbéyàwó wọn tàbí ti ìsọmọlórúkọ wọn ò tọwọ́ ẹ̀ jáde. Nígbà tí fóònù gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò jókòó káwọ́ lérí. Ó kó àwọn ènìyàn ẹ̀ jọ, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àwọn tó ń ta wíìgì, ó ní kí wọ́n wá ibì kan tí ọmọ wọn á ti máa gbọ́ èdè bàbá wọn. Gbogbo Sátidé ni àwọn ọmọ náà ń wá. Wọ́n á kàwé, wọ́n á kọrin, èmi á sì se oúnjẹ tí Màmá, ìyàwó Bàbá, fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ mi.

Ọmọ Ìlọrin lèmi. Bàbá bàbá mi ló gbé ẹrù dé Kùmásì, ó ń tajà, ó ń kọ́ni ní kéwú. Moshie Zongo ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá tí mò ń sọ yìí, inú agboolé wa ni mo ti ṣà á jọ. Bí mo bá sọ ọ́ sí àwọn ọmọ tèmi, Twi ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ní Sátidé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, inú á máa bí mi. Kì í ṣe sí àwọn ọmọ Kòríà o. Sí àwa ni. A pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlú yìí, a ti pẹ́ jù wọ́n lọ, síbẹ̀ a ò ní yàrá kan ṣoṣo tá a ti ń kọ́ ọmọ wa ní ohunkóhun lẹ́yìn kéwú. Nítorí náà, nígbà tí Màmá gbé ọ̀rọ̀ tábìlì wá bá mi, ìbínú tí mo fi máa ràn án lọ́wọ́ ti wà nílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí. Bí ọjọ́ tí òbí kú bá yí po lọ́dọọdún, ọmọ á tẹ́ tábìlì oúnjẹ síwájú fọ́tò ẹ̀, á bu ọtí, á foríbalẹ̀, òkú á sì wá jẹun. Lẹ́yìn náà ni àwọn alààyè á jẹ ohun tó kù. Ọmọkùnrin ló ń ṣe é. Gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀ ni Bàbá ń ṣe é fún bàbá tiẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n ní òru ni wọ́n ń ṣe é nílé wọn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n òun ti sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní bàbá òun á ti mọ̀ pé ní Kùmásì, òru ò dára fún ìrìn.

Bàbá wá kú. Ọdún kan ń pé bọ̀. Ọ̀gá ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ọ̀gá sì ti di díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó ẹ̀ ń kọrin níbẹ̀. Ilé wọn ni Màmá ń gbé, kò sí bó ṣe lè tẹ́ ohunkóhun síbẹ̀. Gbọ̀ngàn nìkan ló kù, Ọ̀gá ló sì jogún àṣẹ gbọ̀ngàn.

Màmá ti bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó wá jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù mi, ó kó ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lé itan. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n. Twi la jọ máa ń sọ. Ó ní, "Ebi ń pa á."

Mo ní, "Ṣé ẹ lálàá ẹ̀ ni?"

"Mi ò lálàá kankan. Ó ti kúrò nílé láti ọdún tó kọjá, kò tíì jẹun. Ìwọ náà rò ó wò."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tó ń sọ fún mi pé epo ti tán. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé mo ní láti kọjú sí ìkòkò. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan púpọ̀: kí oúnjẹ rí bó ṣe yẹ kó rí, kó wà nínú ilé tí Bàbá fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́, kí ọmọ ẹ̀ sì fún un jẹ. Ti ọmọ ni kò sí lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé èyí tó kù, kó fi lé mi lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò bá ara mi jà kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ álùfáà ni mí. Bàbá mi kì í fẹ́ kí a kúnlẹ̀ kí òun pàápàá, ó ní Ọlọ́run nìkan ló ni orúnkún wa, a kàn máa ń lóṣòó ni. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní n ò ní foríbalẹ̀, n ò ní fọwọ́ kan ọtí, n ò ní tan tùràrí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ? Iṣẹ́ mi ni oúnjẹ. Àwa náà ń ṣe sàráà fún òkú wa, a ń dín mọ́sà, a ń fún aládùúgbò jẹ, ṣé a rò pé aládùúgbò nìkan ló wà lọ́kàn wa nígbà náà ni? Bí Ọlọ́run bá bi mí pé kí ló dé tí mo bá opó dáná, màá ní ìdáhùn.

Ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi gbọ̀n nígbà tí Ọ̀gá dúró síwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó ní, "Ènìyàn kú, ó ti tán, Àǹtí. Ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni. Gbogbo ọdún tí Bàbá ń tẹ́ ẹ, ta ló ń jẹ ẹran ibẹ̀ tán bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Ó ní, "Mepa wo kyɛw." Ó bẹ̀ mí ní Twi, bó ṣe máa ń bẹ̀ mí nítorí ìdí ìkòkò. Ó ní òun ò lè dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Sunday kí òun sì foríbalẹ̀ fún fọ́tò lọ́jọ́ kejì, pé irọ́ ni yóò jẹ́, pé òun ò ní wá, òun ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

"N ò ní kẹ́ ẹ wá," mo dá a lóhùn. "Ìyá yín ló ń pè yín, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n èmi máa dáná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ mi, òun rèé." Mo yọ ọ́ nínú gèlè ìgbànú mi, mo fi lélẹ̀ láàárín àlùbọ́sà. Ó wò ó. Ó yí padà, ó lọ. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo dì í padà, mo sì ń gé àlùbọ́sà mi lọ.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ẹja ló kọ́kọ́ fẹ́ já wa kulẹ̀. Ẹja tábìlì yẹn gbọ́dọ̀ wà lódindi, orí, ìrù, awọ, kí ibì kankan má ya. Bí mo bá dín ẹja, awọ ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ páànù, Ọlọ́run ò fún mi ní ẹ̀bùn ẹja. Mo wá pe àbúrò mi obìnrin, tó ń dín ẹja tà ní ibùdókọ̀ Asafo, tí àwọn awakọ̀ ń dúró dè kí wọ́n tó gbéra. Mo ti sọ fún un kó tó dé, mo tún sọ fún un nígbà tó dé, ní Yorùbá àti ní Twi, pé ata ò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ yìí, áyù ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ata ń lé òkú sá ni, bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn. Ó ní, "Yoo, mo ti gbọ́." Mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja, mo lọ kí ìrun Àsárì.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà padà tí mo fi sín. Mo mọ òórùn náà. Ó ti la ara ẹja yẹn ní apá kan àti apá kejì, ó ti fi ata, jínjà àti áyù kún ibẹ̀, ó sì ti dín in tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹja tó rẹwà jù lọ tí mo rí lọ́dún yẹn ni.

Mo ní, "Kí lo ṣe yìí?"

Ó wo páànù, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ojú ẹ̀ fi hàn pé kò purọ́ nígbà tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ọwọ́ mi ló ṣe é." Ìgbà tó rí i pé inú ń bí mi gidi, ó wá fi ẹnu dá ara ẹ̀ láre. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni."

"Ẹ̀mí náà ti bọ́, ìwọ náà. Ó ti kú. Yẹpẹrẹ wo ló tún kù?"

A wo ara wa, ẹ̀rín pa wá, n ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Orí ẹ̀rín náà ni Màmá bá wa. Ó ti wọ aṣọ ilẹ̀ wọn, funfun, síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kan ilẹ̀. Ó wo ẹja náà.

Mo gbìyànjú. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi èyí síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá fẹ́ràn ata. Wáákyé ẹlẹ́wà tó pupa fún ata ló ń jẹ láràárọ̀, òógùn á máa bọ́ lójú ẹ̀, á ní kí wọ́n fi kún un. Ata tiwa ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́."

Ó ní, "Nígbà tó wà láyé, oúnjẹ yín ló jẹ, ó dùn mọ́ ọn. Lónìí, ilé ló ń bọ̀. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà tó gbóòórùn ata, á rò pé a ò retí òun. Á yí padà." Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n bí ọwọ́ ẹ̀. "Wá ẹja mìíràn."

Ọ̀rọ̀ pin. Mo ní kí àbúrò mi máa fọ páànù, kó da òróró yẹn nù, kó ṣí gbogbo fèrèsé, kó fi ọṣẹ nu tábìlì títí òórùn á fi lọ, kí èmi sì lọ wá ẹja. Ó ní rárá, òun ló bà á jẹ́, òun ló máa tún un ṣe, pé ní àsìkò yìí Asafo ò ní tà fún mi, wọ́n á tà fún òun. Òótọ́ ló sọ. Ó ju ìborùn sí èjìká, ó jáde. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mò ń fọ ilé ìdáná. Mo fọ ọ́ tọkàntọkàn, n ò purọ́, mo fọ ọ́ bí ìgbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wọ̀ sọ́dọ̀ mi. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà dé pẹ̀lú ẹja kan tí wọ́n ń pè ní kasáfà fíìṣì, tó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì tó ń dín ẹja ní ibùdókọ̀, tí onítọ̀hún ti ń bu iyọ̀ sí lára. Iyọ̀ yẹn nìkan ló lọ síná. Àbúrò mi dín in pẹ̀lú ọwọ́ òsì ẹ̀ lẹ́yìn, kó má baà tún nawọ́ sí nǹkan kan.

A gbé gbogbo ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ẹran màlúù tó mọ́ gaara, ẹ̀fọ́ tí a fi ẹyin dín, èso tí a bẹ́ lórí, ẹja. Màmá fi ọwọ́ ara ẹ̀ to ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ, ó gbé fọ́tò Bàbá sókè, ó tan abẹ́là. Ó ní kí a ṣílẹ̀kùn gbalaja, pé ibẹ̀ ni Bàbá máa gbà wọlé. Nínú àwọn ará Kòríà yòókù, ẹnikẹ́ni ò wá. Wọ́n ti gbọ́ pé Ọ̀gá ò fọwọ́ sí i, wọn ò sì fẹ́ bá a jà. Èmi àti àbúrò mi la dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ Ìlọrin méjì, a káwọ́ síwájú.

Ìgbà náà la gbọ́ mọ́tò. Ọ̀gá ni, ó wá gbé ìyá ẹ̀ lọ sílé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an, bàtà lẹ́sẹ̀, kò wọlé, kò sì jáde. Màmá ò wo ẹ̀yìn. Mo lọ bá a. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ìyá ẹ̀ má gbọ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wọlé tàbí kẹ́ ẹ jáde. Ojú ọ̀nà lẹ dí yẹn."

Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró sí ìta níbi tó ti lè máa wo inú.

Màmá bu ọtí fúnra ẹ̀. Ó foríbalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó dìde, ó tún lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ lọ gbé e, n ò lọ. Lẹ́yìn èyí ló kan ṣíbí. Bí wọn ò bá tíì gún ṣíbí sínú ìrẹsì kó dúró ṣánṣán, òkú ò tíì lè jẹun, torí pé ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó jẹ. Màmá mú ṣíbí, ó gún un sínú ìrẹsì. Ọwọ́ ẹ̀ gbọ̀n, ṣíbí ṣubú. Ó tún un gún, ó tún ṣubú, ìrẹsì fọ́n sórí aṣọ tábìlì. Ó ṣa ìrẹsì náà, ó dá a padà, ó tún mú ṣíbí. Àbúrò mi ń sunkún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, mo di ìró ẹ̀ mú. Mo ní, "Kì í ṣe tiwa." Ṣíbí tún ṣubú.

Mo gbọ́ tí bàtà bọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Kò foríbalẹ̀, kò tilẹ̀ wo fọ́tò. Ó dúró lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá èjìká ẹ̀, ó di ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn mú pẹ̀lú ṣíbí nínú ẹ̀, wọ́n sì jọ gún un. Ṣíbí dúró ṣánṣán. Ọ̀gá wá sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn. Mo gbọ́ ọ, torí pé òun ni àwọn ọmọ Sátidé máa ń kọ́kọ́ kọ́, òun ni wọ́n fi ń pe àgbà wá sídìí oúnjẹ.

A jáde, a fa ilẹ̀kùn dé. Òkú náà ń fẹ́ àyè láti jẹun láìsí ẹni tó ń wo ẹnu ẹ̀. A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun Màǹgàríbì, mo ní kí Ọlọ́run má bínú, mò ń bọ̀. Àbúrò mi sọ sí mi létí pé kí là ń dúró dè. Mo ní kí Bàbá jẹun tán. Ó ní báwo la ṣe máa mọ̀ bó bá jẹun tán. Mo ní a ò ní mọ̀. Bí àgbà bá ń jẹun nínú yàrá, àwa a máa ń kágò ká tó wọlé. Tiwọn, ikọ́ ni. Ẹni tó fún òkú lóúnjẹ ni yóò wúkọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn, kó má baà já lù ú.

Gbogbo wa wá ń wo Màmá. Ó fara ti ògiri, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Kò kúrò lójú kan. Ọmọ ẹ̀ ló ń wò, kò sì sọ fún un pé kó ṣe ohunkóhun.

Ọ̀gá lọ sí ìdí ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó tún gbé e kúrò. Ó na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó wúkọ́. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí Bàbá ráyè gbé ṣíbí sílẹ̀, kó tó rọra ṣílẹ̀kùn.